Ọmọ Basile Fẹ́ Ṣe Dókítà Eyín

Basile tó ń ta ọmọ ọ̀pẹ ní Pobè kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Kì í bá aládùúgbò jà, bí ewúrẹ́ ẹlòmíràn bá sì wọ inú oko rẹ̀, èébú ló fi ń lé e jáde, kì í sọ ọ́ lókò. Àmọ́ bó bá ti gbà pé ohun kan rí báyìí, kí gbogbo ayé pé jọ kí wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, á kàn máa wò wọ́n ni. Ohun tó wá gbà lọ́dún yìí ni pé Ọláwùmí, ọmọbìnrin òun, kò ní ṣe dókítà eyín. Aṣọ́bodè ni yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè yìí ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń kó ọmọ ọ̀pẹ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Nàìjíríà ni àwọn tó wà lẹ́nu ibodè máa ń dá a dúró sínú oòrùn, tí wọ́n á máa tú ewé ọ̀pẹ wò bí ẹni pé ìbọn ló fara pa mọ́ síbẹ̀. Basile á máa kí wọn ní "ṣẹ́ẹ̀fù, ṣẹ́ẹ̀fù," á máa rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Nínú ẹ̀rín yẹn ló ti pinnu pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ òun á wọ kakí, á dúró síbẹ̀, òun náà á sì wakọ̀ kọjá láì kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Ọláwùmí yege nínú bakì, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde iléèwé girama, wọ́n pa àkùkọ. Basile fi ojú yí àwọn àlejò ká, ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún wọn, kí lo fẹ́ dà?" Ó ti mọ ìdáhùn, lójú tiẹ̀.

Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dókítà eyín ni, Pàpá. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nítòsí, mo lè lọ sí Dàkáà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni."

Basile rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín ló dákẹ́.

Kì í kúkú ṣe pé ọmọ náà jí lọ́jọ́ kan kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Àwọn dókítà kan ló wá wo ẹnu àwọn ọmọ iléèwé kékeré ní àdúgbò wọn, wọ́n sì ní kí Ọláwùmí bá àwọn di iná mú. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni fi ẹ̀kọ sẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí kò wá síléèwé, nítorí òórùn ẹnu rẹ̀ ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá. Nílé, wọ́n ti fi oríṣiríṣi àgbo wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbààwẹ̀ fún un, ẹnì kan kò sì ya ẹnu rẹ̀ wò. Eyín tí wọ́n fà jáde kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ọláwùmí rí ọmọ yìí lọ́jà tó ń fi ẹnu ya ìrèké, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Ọláwùmí mọ́. Ohun tí kò ju hóró àgbàdo lọ ló ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni à ń sá fún!

Ó ro ìtàn yìí fún bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀. Basile gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Eyín! Ohun tó ń jábọ́ fúnra ẹ̀! Ta lo gbọ́ pé eyín pa rí? Bàbá tó bí mi kú láì ní ẹyọ kan lẹ́nu, kì í sì í ṣe eyín ló pa á. Wàá máa ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹlẹ́nu, wọ́n á máa da itọ́ sí ọ lára. Ọkọ wo ló máa jẹ ọbẹ̀ tí o bá fọwọ́ yẹn sè?"

"Màá máa wọ ìbọ̀wọ́, Pàpá."

"Ìbọ̀wọ́ ò dí imú."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹnu ṣáátá eyín, ṣé kò rántí ibi tí eyín ń gbé ni? Oṣù tó tẹ̀ lé e kò tíì dàgbà tí eyín kan ní kọ̀rọ̀ ẹnu Basile, lápá òsì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórúkọ.

Ó kọ́kọ́ rọra pè é. Nígbà tó yá, ó ń pariwo. Basile fi ẹran sílẹ̀, ó ní ẹran ti sú òun. Ó fi ẹ̀pà sílẹ̀, ó ní ó ń fún òun nínú. Ẹni tí kì í mutí tẹ́lẹ̀ wá ń fi sódábì yọ ẹnu ní gbogbo òwúrọ̀, ó ní òun fi ń wo ikọ́.

Marcelline, ìyàwó rẹ̀, dúró wò ó. "Ikọ́ wo ló ń wú lẹ́rẹ̀kẹ́?"

"Ikọ́ òde òní ni."

Kì í ṣe pé Basile kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, pàápàá bó bá dùbúlẹ̀. Ohun tó dì í lẹ́nu ni pé ọjọ́ tó bá la ẹnu nínú ilé yẹn pé eyín ń dun òun, ọjọ́ náà ni aṣọ́bodè kú. Ó wá pinnu pé kí eyín tó parí òun, òun máa parí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ó ránṣẹ́ sí Sakété, sí agbo ilé wọn, pé kí àwọn àgbà jókòó dè òun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Ní agbo ilé yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá jẹ obì lé lórí ti parí nìyẹn. Ọmọ ò lè yẹ̀ ẹ́, bàbá ò lè yẹ̀ ẹ́. Àmọ́ jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ o. Àgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní ìjókòó á mú awẹ́ tirẹ̀, á rún un lẹ́nu kí gbogbo ilé gbọ́, á sì gbé e mì. Bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá jẹ, ọ̀rọ̀ kò so. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹnì kan gba obì, ó lọ tu ú dànù sẹ́yìnkùlé, ló bá ní òun kò sí nínú ìmọ̀ràn. Látìgbà náà ni ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin ilé ti máa ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń rún un, òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ. Ìyá Èjìdé ló wà nípò náà báyìí. Ojú ìyá yìí ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí èèrà bá ń rìn lára ògiri, á bi í pé níbo ló ń lọ.

Basile fúnra rẹ̀ ló ra obì lọ́jà Pobè. Ó ṣa èyí tó gbó, tó tóbi, tó le bí òkúta, kí àwọn àgbà lè mọ̀ pé òun bọ̀wọ̀ fún wọn. Inú ń bí i sí ọmọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ro ti ẹnu ara rẹ̀ rárá.

Nígbà tí òun àti Ọláwùmí dé Sakété, àwọn àgbà ti jókòó. Bàbá Ládiípọ̀, olórí ẹbí, ti oko Yoko dé, ó wé aṣọ mọ́ èjìká. Léonce, ẹ̀gbọ́n Basile, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi fìlà sí orí eékún. Ìyá Èjìdé jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Basile rojọ́. Ó rò ó dáadáa, apá ọ̀tún ẹnu ló fi rò ó. Bàbá Ládiípọ̀ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìran àwọn. Léonce fi Faransé díẹ̀ ṣíde, ó ní ìjọba ló ń san owó oṣù aṣọ́bodè, ta ló ń san ti eyín?

Ìyá Èjìdé ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀."

Ọláwùmí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá ní kí n ṣe aṣọ́bodè, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n inú mi ò ní dùn sí i láéláé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ obì."

Ohun tó sọ yìí gún Basile díẹ̀ láyà. Àmọ́ ó ti dé orí ìjókòó, kò fẹ́ kí wọ́n ní òun kò mọ ohun tí òun ń wá.

Bàbá Ládiípọ̀ gbé obì sókè. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Obì ní í bi ikú, obì ní í bi àrùn." Wọ́n ṣe àmín. Ó pa á, ó pín in, awẹ́ kan fún Léonce, awẹ́ kan fún Basile, awẹ́ kan fún ara rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ sẹ́nu.

Ìyá Èjìdé yí etí sí wọn.

Ìgbà yìí gan-an ni Basile rántí. Awẹ́ obì wà lórí ahọ́n rẹ̀, òógùn sì bò ó níwájú orí. Ó rọra tì í sí apá ọ̀tún. Ó wo Léonce. Léonce ń wo àjà. Ó wo Bàbá Ládiípọ̀. Bàbá Ládiípọ̀ pa ojú dé bí ẹni tí àdúrà ṣì kù lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Èjìdé ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Léonce wúkọ́. Ó fi fìlà bo ẹnu, ìgbà tó gbé fìlà kúrò, ó ń fi ẹnu ṣe bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Léonce, obì wà nínú fìlà rẹ. Mo gbọ́ ìgbà tó já bọ́."

"Ìyá, eyín iwájú mi yìí kì í ṣe tèmi," ni Léonce wí, ojú tì í. "Rírà ni. Wọ́n ní kí n má fi jẹ nǹkan líle."

"Ládiípọ̀ ńkọ́?"

Olórí ẹbí la ojú. Ó yọ awẹ́ obì jáde bí ó ti wọlé, ó ní, "Ẹ bá mi wá ohun tí màá fi rin ín. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ nílé nìyẹn."

"Rárá o! Bóo bá rin ín, irin ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ìwọ. Kí irin wá bá wa ṣèpàdé nígbà náà! Ó ku Basile. Basile, ìwọ lo pè wá. Jẹ obì rẹ."

Basile rí i pé gbogbo ojú wà lára òun, ti ọmọ rẹ̀ náà. Ọkùnrin kì í sá. Ó ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò, ó rún obì lẹ́ẹ̀kan, gbà! Awẹ́ obì fò kúrò lápá ọ̀tún, ó lọ gúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ apá òsì.

Igbe tó ké, àwọn adìyẹ tó wà lágbàlá fò gun orí òrùlé. Ó dìde, ó tún jókòó, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Ìyá Èjìdé ní, "Èyí ni mo gbọ́."

Bàbá Ládiípọ̀ ń wo ilẹ̀. Gbogbo àgbà ilé, a kò rí eyín mẹ́ta tó lè bá a fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ kan! Ọláwùmí ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀. Ó tan iná fóònù rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n bàbá rẹ̀ sókè. "Ẹ ya ẹnu, Pàpá."

Basile ya ẹnu. Láti ìgbà tí ìnira yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan kò tíì wò ó níbẹ̀. Ọmọ náà tẹ orí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, kò fún imú, kò yíjú. Bó ṣe ń wò ó, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ẹni tó ń kàwé. Basile kò rí i kó ṣe ojú báyìí rí níbi ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè.

Ó bi í, ẹnu yíyà, "Kí lo rí?"

"Ihò ńlá kan. Ibẹ̀ wú, ọyún wà nídìí ẹ̀."

"Kí la máa ṣe sí i?"

Ọláwùmí sọ ọwọ́ kalẹ̀. Omi lé sí i lójú. "Mi ò mọ̀, Pàpá. Wọn ò tíì kọ́ mi."

Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ń jiyàn, ohun tí Basile ń wá kó jáde lẹ́nu ọmọ yìí ni pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ti wá sọ ọ́. Kò sì tíì sí ọ̀rọ̀ tó burú létí Basile tó o rí láyé.

Ó ní, "Lọ kọ́ ọ."

"Pàpá?"

"Mo ní kóo lọ kọ́ ọ! Lọ sí Dàkáà! Kí ló dé tí o fi jókòó síbí?"

Ìyá Èjìdé bojú wo àwọn yòókù. "Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó jẹ obì." Kò sẹ́ni tó mira.

Léonce rọra bèèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà ń pẹ́.

Ọláwùmí dá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lóhùn pé, "Ọdún mẹ́fà, méje, Tọ́ńtọ̀."

"Yé!" ni Bàbá Ládiípọ̀ wí. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mú, ẹnì kan kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eyín ń dun òun náà. "Kò ní ọ̀nà àbùjá ni?"

"Kò ní, Bàbá. Ṣùgbọ́n dókítà eyín wà ní Àjàṣẹ́. Lọ́la ni mo máa mú Pàpá lọ. Ẹ̀yin náà ẹ múra."

Ẹ̀rù ba Basile. Kò fi pa mọ́, agbára láti fi nǹkan pa mọ́ ti tán lára rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ gba abẹ́rẹ́. "Ṣé o ò ní fi mí sílẹ̀ níbẹ̀? Ṣé wàá dúró tì mí?"

"Kí n fi yín sílẹ̀ kẹ̀?" Ayọ̀ kún ojú ọmọ náà débi tí kò ṣeé bò. "Èmi gan-an ni mo máa di orí yín mú, Pàpá. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń fà á."