Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Ro

Èmi ni mo mú òfin náà wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Kabir ni akọ̀wé ẹbí wa ní Ìkòsì, mo sì mọ ohun tí igbó ń fojú onílẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn kan ti rí ìpín tó kún fún igbó nínú ilẹ̀ wa, tí wọ́n ní kò lólúwa, tí wọ́n sì tà á fún ará Alápẹ̀rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde nípàdé ọdún tó kọjá, tí mo ní ká kọ ọ́ sílẹ̀: ìpín tí igbó orí rẹ̀ bá ga ju ènìyàn lọ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí ẹbí gbà á padà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àǹtí Ajarat nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àǹtí Ajarat. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní bàọ́lọ́jì kó tó fẹ̀yìn tì. Ìpín tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá àbàtà, níbi tí omi odò Ògùn máa ń dé tí òjò bá pọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a du ú, nítorí ilẹ̀ náà ti kú. Àwọn tó ń kó irin lọ tà ní Owódé Onírin ti tú ọkọ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n sì ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi dúdú, tó le gbagidi. Òjò á rọ̀, omi á kàn ṣàn kọjá lórí rẹ̀.

Àǹtí kọ́kọ́ kó irin kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa fi ọkọ̀ kó tòmátì àti ẹ̀fọ́ tó ti rà wá láti ọjà Mile 12. Wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n fi ọkọ́ pò ó mọ́ erùpẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Mo lọ bá a, mo ní ṣé ààtàn ló fẹ́ fi ilẹ̀ baba wa ṣe ni. Ó ní àwọn kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, àwọn ló ń jẹ ọ́ìlì, òun sì ń fún wọn ní oúnjẹ mìíràn kí wọ́n lè lágbára iṣẹ́. Mo wò ó títí, mo bá tèmi lọ.

Kò gbin nǹkan kan. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, tòmátì hù fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ pọ́n, ó kú. Lọ́dún kejì, koríko eéran bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ewé Akíntọ́lá ti bo eéran mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rán lébìrà sí yín."

"Má ṣèyọnu, Kabir. Eéran ló di ilẹ̀ mú kí Akíntọ́lá tó ráyè wá. Akíntọ́lá náà ń ṣíji bò ó, ewé ẹ̀ ń jẹrà síbẹ̀. Tí igi bá dé, òjìji igi ló máa lé òun náà lọ."

"Ta ló máa gbin igi?"

"Ẹyẹ. Atẹ́gùn."

Mo rò pé ogbó ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ su kóró ọdán síbẹ̀ lóòótọ́, atẹ́gùn sì gbé irúgbìn ahùn wá. Nígbà tó di ọdún kẹjọ, igi ahùn kan ti ga tó ìlọ́po mẹ́ta mi, ẹyẹ ẹ̀gà kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀, kọ̀ǹkọ̀ ń ké nínú omi tó dúró sísàlẹ̀, Akíntọ́lá sì ń kú lábẹ́ igi bó ṣe sọ. N kò fẹ́ràn igbó, ṣùgbọ́n mo rí i.

Lọ́dún kẹjọ yìí náà ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ó bẹ̀ mí pé kí n yọ ìpín òun kúrò nínú òfin. Mo ní òfin ò mojú ẹ̀gbọ́n. Ó ní kò burú, pé tí òun bá ti Mẹ́kà dé, òun á lọ bá Bàbá Jímọ́ọ̀, olórí ẹbí wa, kí oṣù Ògọ́sì tí àyẹ̀wò máa wáyé tó dé.

Kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún tí wọ́n fi rí àwọn àjèjì tó ń wọn ilẹ̀ nítòsí àbàtà. Bàbá Jímọ́ọ̀ fa àyẹ̀wò wá sí ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà. Mo pe fóònù Àǹtí títí, kò lọ. Ẹ̀rù bà mí. N kò fẹ́ kó dé, kó bá ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo wá lébìrà mẹ́rin, èmi náà sì dúró tì wọ́n. Ọjọ́ méjì la fi gé e, a sì dáná sun èyí tó jó. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Jímọ́ọ̀ wo ibẹ̀ yíká, wọ́n ní, "Ajarat gbìyànjú." Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n yìn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ló dé. Mo mú un lọ síbẹ̀ fúnra mi kó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dúró. "Ahùn yẹn ńkọ́?"

"A gé e, Àǹtí."

"Àwọn ẹ̀gà?"

"Ìtẹ́ wọn jóná. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wa erùpẹ̀. Ekòló kan yọ jáde. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, kò sí ọ́ìlì níbẹ̀ mọ́. Lára kùkùté ahùn, ẹ̀ka tútù márùn-ún ti yọ, wọ́n ti ga dé orúnkún.

"Gbòǹgbò ò kú," ló wí. "Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó máa yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdún mẹ́fà, bóyá méje." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o mean well, Kabir. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí."

Ojú tì mí. Ó dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí ká ní ó bú mi lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì lọ bá Bàbá Jímọ́ọ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹbí tún pàdé, tí Àǹtí Ajarat náà wà níjòókòó, mo dìde. Mo ní kí wọ́n yọ ìpín Àǹtí Ajarat kúrò nínú òfin, kí ẹnikẹ́ni má ro ó mọ́ láéláé.

Bàbá Jímọ́ọ̀ bi mí pé, "Ta ló ṣe òfin ọ̀hún?"

"Èmi ni, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Jímọ́ọ̀ dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀ bá wá rí igbó, tí wọ́n tà á mọ́ wa lórí ńkọ́?"

"Kí ẹbí gba ilé mi, sà. Èyí tí mò ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i."

Mo gbé ìwé náà síwájú wọn. Bàbá Jímọ́ọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú àpò agbádá wọn, wọ́n ní ó ti rí bẹ́ẹ̀. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ojú mi sí. Nígbà náà ni Àǹtí Ajarat gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sún díẹ̀.

Ó ní, "Wá jókòó."