Gbogbo Ọwọ́ Ló Lè Dá Kírénì Dúró

Alága ni gbogbo ayé ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ni. Òun náà ni alága ẹgbẹ́ àwọn òbí ní iléèwé tí ọmọ rẹ̀ ti jáde tipẹ́tipẹ́. Bí èèyàn méjì bá jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ sórí bẹ́ǹṣì, Alága á jókòó sáàárín wọn, á wúkọ́, á ní kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí ẹni tó dá a dúró rí, àfi ọjọ́ tó wá sí sáìtì wa.

Èmi ńkọ́? Ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tèmi. Kírénì tí à ń lò ga ju gbogbo ilé tó yí wa ká lọ. Ẹni tó ń wà á jókòó sínú yàrá kékeré kan lókè lọ́hùn-ún, kò gbọ́ ohun tí à ń wí nísàlẹ̀, nígbà míì kò tilẹ̀ rí ibi tí ẹrù fẹ́ sọ̀ sí. Ọwọ́ mi ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé ìka kan, ẹrù á gbéra. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ díẹ̀, á rọra. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Afọwọ́sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi Alága pé iṣẹ́ wo ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì." Mi ò po sìmẹ́ǹtì rí láyé mi.

Òfin wa pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tó jẹ́ ọba fún gbogbo wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ní kí kírénì máa lọ, èmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè ní kó dúró. Ẹnikẹ́ni ni mo wí: ọ̀gá, agbálẹ̀, onítíì, títí kan ẹni tó ṣìnà wọlé. Bó bá ti na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ, ẹni tó wà lókè gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí. Kò sì gbọ́dọ̀ mira títí apá yẹn á fi wálẹ̀, tí èmi náà á sì fún un ní àmì.

Iṣẹ́ yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Alága bí wá kọ́ lọ́dọ̀ wa. Bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ ní kó lọ di lọ́yà, ó wọ yunifásítì, ó jáde. Ó ní kó lọ di dókítà, ó tún wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó ní kírénì lòun fẹ́ máa wà, Alága wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé rẹ̀ ń jó. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Ṣé ó ga?"

"Ó ga gan-an, Dádì."

"Ṣé ìwọ nìkan lo máa wà lókè, tí gbogbo àwọn yòókù á wà nísàlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa nígbà yẹn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ kiri pé páílọ́ọ̀tì lọmọ òun. Àwọn ará sáìtì gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, orúkọ bá mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára.

Ká má parọ́, Páílọ́ọ̀tì mọwọ́ iṣẹ́ náà. Ó lè sọ ẹrù kalẹ̀ sórí ẹyin kí ẹyin má fọ́. Ojú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹni tí kò bá wọ táì kì í ṣe ẹni tí ojú ń rí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun náà sì kó tirẹ̀ wá. Nígbà ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́, ìdì irin ńlá ló ń gbé bọ̀, irin náà sì dí mi lójú. Bàbá agbálẹ̀ ló rí i pé ẹnì kan ti gbàgbé bárò iyanrìn síbi tí irin fẹ́ sọ̀ sí, ló bá na apá rẹ̀ méjèèjì. Páílọ́ọ̀tì rí i. Ó rí ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a máa gbé irin kúrò, bárò ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá jẹ́ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?

Obìnrin kan ló máa ń wá dán wọn wò láti ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé àṣẹ. Kìírẹ́rìn-ín ni à ń pè é lẹ́yìn, ẹ sì lè mọ ìdí. Ó wo bárò náà, ó wo òkè, ó ní, "Ó fìdí rẹmi. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá tún rí báyìí, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Alága gbọ́, ó fò sókè. "Agbálẹ̀! Agbálẹ̀ lásánlàsàn ló já ọmọ mi kulẹ̀!" Ó wá ṣèlérí pé bí ọmọ náà bá tún fìdí rẹmi, ọ́fíìsì òun ló ń bọ̀ tààrà, á máa gbé báàgì tẹ̀lé òun láti ìpàdé kan dé òmíràn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin náà mọ Dádì. Tí mo bá gbé báàgì yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ láyé mi."

"Ọwọ́ rẹ ò lẹ́bi," mo wí. "Ojú rẹ ni. O ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń rí èèyàn."

Ní ọjọ́ kejì, mo pe gbogbo ará sáìtì jọ. Mo ní ibi yòówù tí wọ́n bá ti rí Páílọ́ọ̀tì, ìbáà jẹ́ lókè, ìbáà jẹ́ nílẹ̀, kí wọ́n na apá méjèèjì sí i. Bí kò bá dúró, òun ni yóò fọ bàtà ẹni náà, tòun ti ẹrẹ̀ rẹ̀. Áà! Mi ò rí ibi tí inú àwọn òṣìṣẹ́ ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ń sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, káfíńtà á na apá, ọmọ á dúró, á máa lọ́ra pọ̀ bí okùn. Ọmọ ń jẹun, onítíì á na apá, síbí á dúró láàárín àwo àti ẹnu. Bàbá agbálẹ̀ ló burú jù nínú wọn. Ìyẹn á na apá tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn ìgbà èwe rẹ̀, apá ò sì ní wálẹ̀ títí ìtàn á fi parí. Ìtàn rẹ̀ kì í sì í tètè parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú bí Páílọ́ọ̀tì. Ó fọ bàtà títí ìka rẹ̀ fi bó. Nígbà tó yá, kò ronú sí i mọ́. Apá á nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, ojú rẹ̀ á sì máa wá mi kiri, títí màá fi gbé ìka kan fún un pé kó máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń bi bàbá agbálẹ̀ pé, "Ẹ sì wá sọ fún mi, sà, ẹ̀gbọ́n yín yẹn, ṣé ó padà rí màlúù náà?" Mo mọ̀ pé ojú ti ń là bọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Alága kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti onífọ́tò kan dé, ó wọ funfun láti fìlà dé bàtà. A ní kó dé akoto, ó ní kí la fẹ́ kóun fi fìlà òun ṣe. Ó wá dé akoto lé fìlà lórí, ó rí bí ìkòkò tó dé ọmọrí méjì. Mo ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn okùn pupa tí a ta. "A ti gbọ́," ló fi dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Kìírẹ́rìn-ín ní kí Páílọ́ọ̀tì gbé garawa kọnkéré kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó pò ó wá, kó gbé e kọjá lókè ọgbà, kó sì dà á sínú òpó tó wà lódìkejì. Oòrùn ń mú. Bí kọnkéré bá dì mọ́ garawa lójú ọ̀nà, ìdánwò parí nìyẹn.

Mo gbé ìka, garawa gbéra. Ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò mì. Inú mi ti ń dùn. Ó dé àárín méjì ni Alága rántí pé onífọ́tò ò tíì ya òun mọ́ ọn. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gba abẹ́ okùn pupa wọlé, ó sáré bọ́ síwájú garawa, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó figbe ta: "Dúró ńbẹ̀! Fọ́tò!"

Kírénì dúró. Garawa fì síwájú díẹ̀, ó fì sẹ́yìn, ó wá dúró gangan sókè orí akoto rẹ̀.

"Ẹ rí i?" ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọmọ tó gbọ́ràn nìyẹn!" Onífọ́tò yà á níwájú, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ́ Alága lọ́rùn, ó sọ apá kalẹ̀, ó juwọ́ sókè. "Ó tó. Ó yá, máa lọ!"

Garawa ò mira.

"Mo ní máa lọ!" Ó pàtẹ́wọ́. Ó fi ìka pè é bí ẹni pe ajá. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, fóònù ọmọ rẹ̀ sì ń dún nínú àpótí nísàlẹ̀ níbí, torí a kì í gbé e gòkè. Ló bá kọjú sí mi. "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ dá a dúró, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kó lọ. Èmi ni."

"Sọ fún un kó lọ, nígbà yẹn!"

"Ẹ kọ́kọ́ jáde kúrò lábẹ́ ẹrù. Ẹrù kì í rìn lórí èèyàn."

Ẹ bá mi wo wàhálà. Níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ní kó jáde! Ó káwọ́ láyà. "Èmi ni mo bí i. Mi ò ní kúrò níbí títí á fi gbọ́ tèmi."

Kìírẹ́rìn-ín rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ki ìka bọ kọnkéré tó ṣẹ́ kù, ó yọ ọ́, ó wo ìka náà. Kọnkéré ti ń dì. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ìka tèmi ń yún mi. Bí mo bá gbé e báyìí, ọmọ á lọ, á yege, báàgì á di ti ẹlòmíràn. Ó ṣe tán, okùn wáyà wa kì í já. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé á gbà mí gbọ́, á lọ lóòótọ́ lórí bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe lè gbé e. Mo ń ṣépè fún Alága nínú mi, mo sì di ọwọ́ mi mú.

Garawa wa ti gbó, ẹnu rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kì í pa dé dáadáa. Omi sìmẹ́ǹtì kan kán sórí akoto, tó! Alága wòkè. Èkejì bà á nímú. Kó tó nu ún, ìṣù kọnkéré kan já, ó bà á léjìká, pọ̀ọ́, ó sì ṣàn wálẹ̀ lára aṣọ funfun. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Alága sáré! Ó fo okùn pupa bí ọmọ ogún ọdún, bàtà funfun kan sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Gbogbo sáìtì bú sẹ́rìn-ín. Kìírẹ́rìn-ín nìkan ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wúkọ́ ṣáá.

Mo gbé ìka. Ọmọ náà ò kánjú. Ó gbé garawa lọ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó gbé e lé ẹnu òpó, wọ́n ṣí i. Kọnkéré kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n fi irin gún un, ó bá ya wọnú òpó.

"Ó yege," ni Kìírẹ́rìn-ín wí. Ó wo Alága láti orí dé ẹsẹ̀ kan tó ní bàtà. "Mo ti bẹ agbálẹ̀ pé kó dá a dúró lójú ọ̀nà kí n wò ó. Ẹ ti bá mi ṣe é, ẹ ṣeun."

Kí Páílọ́ọ̀tì tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ gíga yẹn, Alága ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ dán an wò ni. Sìmẹ́ǹtì ti ń gbẹ léjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, nǹkan kan ṣe ojú Alága tí mi ò rí níbẹ̀ rí. Ojú náà rọ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Ọmọ mi, wá!"

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi rí pé láti ìgbà tí ọmọ náà ti já lẹ́nu ọmú, bàbá rẹ̀ ò dì mọ́ ọn rí. Ó máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni, bí alága tó ń fún ọmọ iléèwé ní ẹ̀bùn.

Páílọ́ọ̀tì dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, gìgísẹ̀ èkejì ti gbéra.

"Mo ní wá!" Alága tún na apá náà gbọọrọ sí i, ọmọ náà sì tún dúró gbọn-in sí i. Onítíì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọmọ náà, ó dákẹ́. Ojú ọmọ ń wá mi kiri. Omi wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ti bàbá tó ṣípá. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò. Ìkà ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Jẹ́ kí apá yẹn ro ó díẹ̀.

Bàbá agbálẹ̀ ló lọ bá a, tìgbálẹ̀ tìgbálẹ̀. "Alága," ó rọra wí, "ẹ sọ apá yín kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dá a dúró."

Apá náà ti ń ro ó. Ó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alága wo ọmọ rẹ̀ tó dúró síbẹ̀. Ó wá yíjú, ó wò mí, èmi gan-an.

"Àbúrò," ó wí, "jọ̀ọ́."

Mo yọ ọwọ́ lápò. Mo gbé ìka kan, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì sọ fún ọmọ náà pé kó rọra.