Arẹwà Inú Yìnyín

Abẹ náà kan etí ẹranko, ó sì dún kò, bí ìgbà tí èèyàn fi ṣíbí lu àwo. Dókítà Abẹ́rẹ́ gbìyànjú itan. Kò. Ọrùn. Kò. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó wo àwọn ìlà funfun tó ṣàn wálẹ̀ lára àgbọ̀nrín ńlá náà bí omi òjò lórí gíláàsì fèrèsé, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bàbá, ta ló gbé e sí yàrá yìnyín?"

Bàbá Ọgbà ṣí fìlà lórí. Òun ló ti ń tọ́jú ẹranko náà nínú ọgbà ẹranko yìí láti ìgbà tó ti ń fi ìgò mu wàrà. "Èmi ni, ọmọ mi. Ìwọ náà lo ní kí n gbé e síbi tó tutù, kó má bàa bàjẹ́. Mo wá rò ó pé, ibo ló tún tutù ju ibi tí à ń kó ẹran kìnnìún sí lọ?"

Òótọ́ ni bàbá ń sọ. Nígbà tó pè é lórí fóònù láfẹ̀mọ́júmọ́ pé Arẹwà, àgbọ̀nrín náà, ti kú, oorun ṣì ń kun Abẹ́rẹ́, ohun tó sì ní lọ́kàn ni ibòji, aṣọ tútù, fáànù. Kì í ṣe yìnyín. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, òtútù díẹ̀ a máa pa ẹ̀mí mọ́, òtútù àpọ̀jù a sì pa á. Omi inú àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ wínníwínní tó para pọ̀ di ara, á di yìnyín, yìnyín á sì fà wọ́n ya láti inú.

Arẹwà sì ni abo tó kẹ́yìn nínú irú rẹ̀. Akọ díẹ̀ ṣì wà káàkiri, ṣùgbọ́n akọ nìkan kì í bímọ. Bí Abẹ́rẹ́ bá rí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó wà láàyè gbé pa mọ́, ọgbọ́n ọjọ́ iwájú lè tún fi bí irú rẹ̀. Bí kò bá rí i, ìran náà parẹ́ nìyẹn.

Fóònù dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwádìí ni, ó ti gbọ́ nípa yàrá yìnyín.

"Ó ti dì, àbí?"

"Ó ti dì gbagidi, mà."

"Ó mà ṣe o. Má da ara rẹ láàmú. Gé ẹran díẹ̀ sínú sípíríìtì, a ó ṣáà rí àbùdá rẹ̀ kà. Máa bọ̀."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Abẹ́rẹ́ wí. Kò sì dìde. Àbùdá inú òkú ẹran, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí, dà bí lẹ́tà ìfẹ́ tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Èèyàn lè kà á ní àkàtúnkà, kò ní fèsì láéláé. Òun kò wá gba lẹ́tà. Olólùfẹ́ gan-an ló wá mú lọ.

"Dókítà." Awakọ̀ ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ ni àwọn ará ilé ìwádìí ń pè é, nítorí ó máa ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lérí. Àwọn kan náà ló sọ dókítà ní Abẹ́rẹ́: wọ́n ní ó tín-ín-rín, ó sì mú. "Ṣé kí n yí mọ́tò padà ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ àdúrà?"

"Dúró ná, jọ̀ọ́."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn Arẹwà. Irun ibẹ̀ nípọn bí kápẹ́ẹ̀tì. Etí kò nípọn ju ewé lọ, òun ni yìnyín máa kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n ikùn ńkọ́? Koríko tó bá ń kan nínú ikùn ẹran máa ń gbóná, bí ẹran náà tilẹ̀ ti kú.

"Bàbá, ṣé ó jẹun lánàá?"

"Há! Ó jẹun bí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò."

Abẹ́rẹ́ dìde fùú. "Jẹ́jẹ́, bá mi gbé ayùn wá!"

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó rẹ́ egungun ìhà kìíní, ó rẹ́ ìkejì, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú yàrá tí èémí gbogbo wọn ti ń di èéfín. Bàbá Ọgbà kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, ó yí padà, ó sì di ẹsẹ̀ Arẹwà mú fún un kó má bàa máa yọ̀.

Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ wọlé. Tútù. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Tútù. Ó wọ inú àyà títí dé ìgúnpá, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró ti fara ti ikùn, ó sì pariwo.

"Ó gbóná! Ó gbóná o!"

"Ta ló gbóná," ni Jẹ́jẹ́ bi í, "ìwọ ni àbí òun?"

"Pa ẹnu dé, kí o gbé ìgò wá!" Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó gé ẹran díẹ̀ ní ẹ̀bá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gé egungun rírọ̀ tó yí ọ̀nà èémí ká, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí máa ń pẹ́ sí jù. Ó fọ̀ wọ́n, ó kì wọ́n sínú omi tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, ó gbé ìgò sínú kúlà. Bàbá Ọgbà ní ibi tí Arẹwà bá ń lọ, òun ń bá a lọ. Ó gbé kúlà lé itan, ó jókòó sáàárín wọn nínú mọ́tò bí ìyá ìyàwó tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Jẹ́jẹ́ sì sáré lọ́jọ́ náà. Ó sáré débi pé bàbá ń gbàdúrà sókè.

Ní ilé ìwádìí, Abẹ́rẹ́ rẹ́ àwọn ẹran náà wẹ́wẹ́, ó da oògùn tó ń tú sẹ́ẹ̀lì ká lé wọn, ó gbé wọn síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kan aró. Òkú sẹ́ẹ̀lì máa ń mu aró, nítorí ara rẹ̀ ti lu. Alààyè a máa tilẹ̀kùn mọ́ aró, á máa tàn ní tirẹ̀.

Ó kán ẹ̀kán kan láti inú ìgò ẹran sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó fojú sí i. Aró ni. Aró, aró, aró, bí ojú ọ̀run tí kò ní ìràwọ̀ kankan.

Ọ̀gá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. "Pẹ̀lẹ́," ló wí, ó sì dun òun náà.

"Ó ku ti ọ̀nà èémí, mà."

Ó kán èkejì sábẹ́ awò. Aró. Aró. Ó rọra yí awò náà. Aró... Lẹ́yìn náà, ohun róbótó kan, ó mọ́ roro bí ìrì. Ẹyọ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì mìíràn. Odidi agbo.

"Wọ́n wà láàyè!"

"Sún, jẹ́ kí n rí i!" Ọ̀gá fi ìdí tì í dànù lórí àga, ó sì fojú sí awò. Lójijì ló bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àwọn ìgò, obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí kó rẹ́rìn-ín rí lẹ́nu iṣẹ́. Jẹ́jẹ́ gba ijó náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbé Abẹ́rẹ́ sókè, ó yí i po, ó gbé e kalẹ̀ tìtìjú-tìtìjú.

Wọ́n pe bàbá kó wá wò. Ó di ojú kan, ó fi èkejì wò.

"Èwo ni Arẹwà nínú wọn?"

"Gbogbo wọn, Bàbá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Arẹwà láti orí dé pátákò."

Omijé bàbá bọ́ sórí tábìlì. Kò nù ún.

Nígbà tí wọ́n pín sẹ́ẹ̀lì sínú àwọn ìgò kéékèèké, tí wọ́n sì gbé wọn sínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù, bàbá fajú ro. "Ṣé yìnyín náà kọ́ lẹ tún ń gbé e lọ yìí?"

"Yìnyín onísùúrù ni, Bàbá. A ti fún un ní oògùn tó máa dáàbò bò ó, a sì ń mú òtútù náà wọlé díẹ̀díẹ̀."

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni bàbá wí. "Èmi ni mo fagbára mú un."

"Ẹ̀yin lẹ tètè pè mí. Ká ní ẹ dúró di ìyálẹ̀ta, kí la ò bá rí?"

Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́ rẹ̀, Jẹ́jẹ́ ṣí àgbá náítírójìn olómi, omi tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Èéfín funfun yọ, ó bò wọ́n dé orúnkún, Abẹ́rẹ́ sì rọ àwọn ìgò náà sísàlẹ̀.

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀?" ni bàbá béèrè.

"Bó bá ṣe wù wá. Ọgọ́rùn-ún ọdún, tó bá gbà bẹ́ẹ̀."

"Ta ló máa wá mú un jáde?"

Abẹ́rẹ́ la ẹnu láti sọ pé "èmi," ó sì wo àwọn ìgò tó ń rì lọ sínú èéfín. Ó lè má jẹ́ òun. Wọ́n lè má tíì bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣí àgbá yìí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tó máa jẹ́, tàbí ojú ta ló máa jọ. Ó retí kí ọ̀rọ̀ náà bà á nínú jẹ́. Kò bà á nínú jẹ́ rárá. Ńṣe ni àyà rẹ̀ fẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ti tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọra ń yí ìdérí àgbá náà. Ó gbójú sókè.

"Kí lò ń wò?"

"Ọwọ́ rẹ," ni Abẹ́rẹ́ wí, kò sì gbé ojú kúrò.