Ìka Àna Mi

Ẹ má dá mi lẹ́bi títí ẹ ó fi gbọ́ tẹnu mi. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ òwò nílé: ẹ gbé fọ́tò àti fíìmù àtijọ́ yín wá, n ó dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, n ó sì nù wọ́n títí wọn á fi máa dán. Orí tábìlì ìjẹun ni mo gbé ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ náà kà. Ìyàwó mi wo ẹ̀rọ, ó wo èmi.

"Oṣù kan, Bàbá wọn," ó ní. "Tí ẹ ò bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó máa fi ayọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹrù yìí á kúrò lórí tábìlì mi."

Ọjọ́ kẹrìnlélógún pé, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Orí itan la ti ń jẹun. Àfi bí ìyá ìyàwó mi ṣe gbé páálí bàtà kan wọlé, fọ́tò mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, òórùn ọ̀rinrin sì gba gbogbo ilé.

"Ọmọ mi, gbogbo ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún mi nìyí," ni wọ́n wí. "Bá mi tọ́jú wọn."

Àna mi tó ti dolóògbé yìí, wọ́n fẹ́ràn kámẹ́rà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n dì mú. Ìka wọn ń yọjú ní igun gbogbo fọ́tò, ó rí bọ̀rọ̀gìdì bí ọṣẹ tó pẹ́ nínú omi. Ọmọ ń gba ẹ̀bùn níléèwé, ìka ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ń gé kéèkì, ìka ń bẹ níbẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n pè é.

Inú bí mi sí ìka náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jà, mo nù ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ògiri àti ojú ọ̀run dí àyè rẹ̀. Mo pa èyí tó ní ìka rẹ́ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ìyàwó mi tún ń ráhùn òórùn, mo da àwọn fọ́tò gangan sínú àpò ìdọ̀tí, mo gbé e sẹ́nu géètì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá dé. Wọ́n wo fọ́tò kan nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo márùn-ún, wọ́n wo mẹ́wàá. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Bàbá wọn dà?"

"Bàbá kọ́ ló ń ya gbogbo ẹ̀ ni, Mà? Wọn ò sí nínú ìkankan."

"Mo mọ̀. Ìka wọn dà?"

"Mo ti bá yín nù ún kúrò!" Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́, èmi ọ̀dẹ̀.

Ìyá ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n rọra jókòó.

"Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń ya àwa tó kù," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó rántí ya àwọn náà. Ìka yẹn nìkan ni mo ní."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. "Àṣejù, baba àṣetẹ́," ni ìyàwó mi wí, kò sì tíì dákẹ́ tí ọkọ̀ akódọ̀tí fi fun fèrè níta.

Mo sáré jáde tèmi ti sìńgílẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀. Akódọ̀tí ti gbé àpò náà lé èjìká.

"Gbé e sílẹ̀!"

"Ìdọ̀tí ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí! Ìka bàbá ìyàwó mi ló wà nínú ẹ̀!"

Ọkùnrin náà wo àpò, ó wò mí, ó ju àpò sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Dẹ́rẹ́bà ò bèèrè ọ̀rọ̀, ó wa ọkọ̀ tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, wọn ò yà sẹ́nu géètì wa mọ́. Àwa fúnra wa là ń gbé ìdọ̀tí wa lọ dà nù.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tú àpò. Lábẹ́ èèpo ẹyin ni mo ti rí wọn, mọ́kànlélógójì ló pé pérépéré, kò sí èyí tó ya. Ẹkún bọ́ lójú mi, n ò ní purọ́.

Mo tún gbogbo rẹ̀ dà sínú kọ̀ǹpútà, n ò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyá gbà á tayọ̀tayọ̀, ìyàwó mi ò sì sọ̀rọ̀ tábìlì mọ́. Ìyá ní kí n bá àwọn sọ ọ̀kan di ńlá, èyí tó burú jù, tí ìka bo gbogbo rẹ̀ tó fi jẹ́ pé etí aṣọ nìkan lèèyàn ń rí. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan bi wọ́n pé kí ni nǹkan bọ̀rọ̀gìdì yẹn.

"Ọkọ mi ni," ni ìyá dáhùn. "Èmi ni wọ́n ń yà."