Ìwé Ọjọ́ Orí Shakirah

"Olúwa mi, ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́!" Alhaji Surajudeen na ìwé ìbúra ọjọ́ orí sókè níwájú adájọ́ nínú kọ́ọ̀tù kan ní Ring Road, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣíọ̀!

Ìrẹ̀mídé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé, ló mú ẹjọ́ náà wá. Ta ló búra ìwé ọ̀hún? Surajudeen yìí kan náà ni. Nígbà tí iléèwé girama sọ pé Shakirah kéré jù, òun, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló fi ọdún kan lé ọjọ́ orí rẹ̀. Ta ni kì í ṣe é? Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ó fa ọmọ náà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ ní Baṣọ̀run, pé kó máa bá a tọ́jú ilé. Ìtọ́jú ilé wo? Ohun tí ojú ọmọ náà rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó sá lẹ́ẹ̀mẹta, Surajudeen dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn ni adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n fi í sí ilé ààbò ìjọba, títí yóò fi pé ọdún méjìdínlógún.

"Madaamu, ṣé ẹ ní ìwé mìíràn?" adájọ́ béèrè.

"Rárá, Olúwa mi. Ṣùgbọ́n ó ku ọdún kan gbáko..."

"Ìwé tó wà níwájú mi ni mo mọ̀. Láti òní, kọ́ọ̀tù yìí ò lágbára lórí rẹ̀ mọ́." Ó pa fáìlì dé.

Níta, Surajudeen gbá ọmọ náà lọ́wọ́ mú. "Ó yá, mọ́tò ń dúró. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀, kò bínú sí ẹ mọ́."

Kò bínú mọ́! Ẹni tó ba ayé ọmọ jẹ́ ló ń ṣe àánú!

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni mí?" Shakirah béèrè.

"Méjìdínlógún. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn náà gbọ́. Ẹ̀yin lẹ búra pé mo ti dàgbà. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ọlọ́pàá náà ti ń wò wọ́n. Surajudeen tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, ilé ààbò ò ní gbà mí mọ́, àbí?" Shakirah bi Ìrẹ̀mídé.

"Kò ní gbà ẹ́." Òfin iṣẹ́ wọn ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú ọmọdé kankan lọ sílé ara rẹ̀. Ìrẹ̀mídé wo ìwé ìbúra lọ́wọ́ Surajudeen, ó sì na ọwọ́ sí takisí kan.

"Apete, sí ilé mi," ló sọ fún awakọ̀. "Èèyàn méjì."