Odó Tó Dojú Bolẹ̀ Nílé Wa

Yàrá ìwádìí tí mo ti ṣiṣẹ́ lókè òkun wà nínú ilé ìdáná ìyá mi ní Ìkọ̀lé. Kò yà mí lẹ́nu. Àgò àwọn eku funfun wà lórí àjà, níbi tí a máa ń kó àgbàdo sí, agogo kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n lu agogo, kí iná gbé eku lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Bó bá dọjọ́ kejì, n óo lu agogo láìsí iná, n óo sì wo bí eku tí ẹ̀rù mú gan yóò ti pẹ́ tó kó tó mira. Bí a ṣe ń wá ìwòsàn nìyẹn fún ẹ̀rù tí ogun máa ń gbìn sínú ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Dáhùnsi, jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti kú láti ogójì ọdún. Aṣọ sójà rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Dókítà eku," ó ní, "ìwọ náà darúgbó? Orí rẹ funfun ju tàwọn aláìsàn rẹ lọ."

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

Nígbà tó ti ogun abẹ́lé dé, ìró ọmọ odó àkọ́kọ́ tó gbọ́ ló gbé e wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ náà ni ìyá mi dojú odó bolẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni a kò fi gúnyán, ní Èkìtì! Àwọn ará àdúgbò a máa kígbe láti ìta pé, "Ìyá Dáhùnsi, ṣé iṣu yín kò mọ odó mọ́ ni?" Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń dá jẹun, níbi tí ariwo kò dé. A rò pé àánú ni. Ibẹ̀ náà ló kú sí.

Ìyá mi gba inú ògiri wọlé, ó gbé iṣu sísè lọ́wọ́. Ó gbé odó nàró, ó da iṣu sí i.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́dọ̀ jẹ iyán kó tó padà lọ," ó ní. "Iṣu ń tutù. Ṣebí ìwọ lo kàwé ẹ̀rù? Báwo ni n óo ṣe gún un tí kò fi ní sá?"

Mo ṣí ìwé mi. Ewé kókò ni gbogbo ojú ìwé rẹ̀.

Eku keje, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń pẹ́ jù, yọrí láti inú àgò. "Ẹ kò bi wá léèrè rí," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa ń fi wá síbi agogo. Ẹni tó bá ní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, agogo yẹn kì í le tó bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀."

Mo lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Àpótí gùn sí i láti gbà wá. Eku náà sọ̀ kalẹ̀, ó gun itan ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi gbé ọmọ odó, ó jẹ́ kó balẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi gan bí igi. Ó fún ọwọ́ mi títí egungun fi ń ro mí.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, bọ̀ọ̀dá mi. N kò lọ síbì kan."

Ìyá mi tún gún un. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dẹ̀. Lẹ́ẹ̀keje, ó mí kanlẹ̀.

"Màámi," ó ní, "ẹ ò gún un dáadáa. Kókó ló máa kún inú ẹ̀."

"Ta ló jẹ́ kí n gbàgbé bí wọ́n ti ń gún un?" Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹnu júwe ọmọ odó kejì tó fara ti ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó gbé eku náà lé mi lọ́wọ́. Ó gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì gbé ọmọ odó kejì sókè tó bẹ́ẹ̀ tí páànù òrùlé ṣí fún un, tí oòrùn wọlé.

Mo jí nígbà tí ọmọ odó náà ṣì wà lókè. Àtẹ́lẹwọ́ mi gbóná, bí ẹni pé nǹkan kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.