Àìsàn Tí Bàbá Ní Ká Má Mọ̀

Mẹ́tàlá ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà. Gbádé Ọlánípẹ̀kun kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yí ìwé náà sẹ́yìn bóyá àlàyé kan á wà níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, wọ́n kọ ọ́ pé kò yẹ kó kọjá mẹ́rin.

Òun gan-an ló ṣètò àyẹ̀wò ọ̀hún. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní Súrùlérè, òun ló sì kọ lẹ́tà sáwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó. Kójú má bàa ti ẹgbẹ́, Gbádé ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ó ń sùn dáadáa, ó ń tọ̀ dáadáa, kò sí ibì kan tó ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi bá a lójijì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó síwájú Dókítà Aneesah ní ọsibítù kan ní Yábàá. Obìnrin tí Gbádé lè bí lọ́mọ ni dókítà náà, ó wé ìborùn, kì í yára sọ̀rọ̀.

"Kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, sà," ó ní. "Pírósítéètì la ń pè é. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ló máa ń wú. Wíwú lásán lè mú nọ́ńbà yìí lọ sókè. Kòkòrò àìsàn lè fà á. Jẹjẹrẹ náà lè fà á. Nọ́ńbà nìkan ò lè sọ èwo ni fún wa. Ta ló ti ṣe irú àìsàn yìí rí nínú ìdílé yín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ló ń dun bàbá mi títí wọ́n fi kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n."

Dókítà ò kọ̀wé mọ́. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yìn báwo? Ṣé wọ́n ń tọ̀ dáadáa nígbà yẹn?"

Gbádé ò mọ̀. Ọdún tí bàbá wọn kú, àgùnbánirọ̀ ni ní Sókótó, ìgbà tó fi máa wọlé, wọ́n ti ń múra ìsìnkú.

"Ẹ lọ bi ẹni tó mọ̀," ni dókítà wí. "Tó bá jẹ́ ohun tí mo ń rò ni, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́kùnrin?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pé ọgọ́ta ọdún."

"Ẹ bá mi mú wọn wá."

Dókítà fi ìka yẹ kókó náà wò, ìtìjú sì bá Gbádé bó ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó kọjú sí ògiri, àmọ́ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Dókítà fún un ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n á lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò padà sí ọ́fíìsì. Òtò, ní Èbúté Mẹ́tta, ló gbà lọ tààrà, níbi tí màmá wọn ń gbé. Tíṣà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń gé èékánná rẹ̀ lójú fèrèsé nígbà tí Gbádé wọlé. Gbádé dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó béèrè ọ̀rọ̀ náà láìfi bò.

"Màmá, kí ló pa bàbá wa?"

Ọwọ́ Màmá dúró. "Ta ló rán ẹ wá?"

"Dókítà ni. Wọ́n yẹ èmi náà wò."

Màmá wò ó títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó gbé ohun tó fi ń gé èékánná sílẹ̀ sí etí fèrèsé.

"Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀," ó ní. "Ẹ̀yìn dùn wọ́n lóòótọ́, torí pé ó ti wọ eegun kí wọ́n tó gbà láti lọ sí ọsibítù. Dókítà pe orúkọ ẹ̀ fún wa. Jẹjẹrẹ ni. Bàbá ẹ ní kí n búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn èèyàn á máa fi ojú ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin mọ́ wo àwọn."

"Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀?"

Ohùn Màmá lọ sílẹ̀. "Ta lo rò pé ó ń gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ̀? Ọlátúndé ló ń da ẹ̀jẹ̀ náà nù."

Gbádé rìn láti ibi tí ọkọ̀ já a sí títí dé ibùdókọ̀ ní Jíbówú bí ẹni tó fẹ́ lọ jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlátúndé, ni alábòójútó iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan tó ń ná Benin àti Ọ̀wẹrì. Ẹni tó sanra ni, ó ń pàṣẹ fáwọn tó ń di ẹrù, ìgò àgbo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀."

Wọ́n lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gbádé sọ gbogbo rẹ̀: nọ́ńbà náà, dókítà, ohun tí Màmá sọ. Ọlátúndé ń wo táyà ọkọ̀.

"Ẹ mọ̀," ni Gbádé wí.

"Mo mọ̀."

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Mo rí bí wọ́n ṣe kú, ìwọ ò rí i," Ọlátúndé ní. "Ọkùnrin tó ń na gbogbo wa, ó ń sunkún bí ọmọdé tí n bá ti fọwọ́ kàn án. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ ọjọ́ tèmi fún mi."

"Ṣé ẹ̀yin ń tọ̀ dáadáa?"

Ọlátúndé rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé ojú rẹ̀. "Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wá. Ọdún méjì nìyẹn. Ìyá kan ní Múṣin ń bá mi po nǹkan sí i."

"Ẹ tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"N ò lọ."

Gbádé sọ ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ pé ẹnu òun lè sọ sí ẹ̀gbọ́n òun. "Ó dáa. Tí wọ́n bá ní ó ti wọ eegun tèmi, ẹ máa rántí pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ tí ẹ dákẹ́."

Ó yíjú, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kan ṣáájú àyẹ̀wò, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Àǹtí Ethel, ìyàwó Ọlátúndé, pè é. "Gbádé, jọ̀ọ́ máa bọ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti tilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́rí. Láti ìdájí ni kò ti lè tọ̀, kò sì jẹ́ ká gbé òun lọ síbì kankan."

Ọ̀kadà ni Gbádé gùn dé ilé wọn ní Jíbówú. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ náà, ó ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń mí, èémí kúkúrú kúkúrú, pẹ̀lú ìkérora tó ń gbìyànjú láti gbé mì.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Máa lọ."

"N ò lọ. Ẹ ṣí i, àbí kí n pe káfíńtà."

Ọlátúndé sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàbá nìyí. Báyìí gan-an."

"Bàbá ò lọ lásìkò. Ẹ̀yin ṣì lè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Brọ̀dá mi."

Ó ti tó ogún ọdún tí Gbádé ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ yí. Ọlátúndé jáde ní títẹ̀ ba, òógùn bo ojú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le bí pákó. Gbádé àti Ethel gbé e sínú ọkọ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú débi pé ìka Gbádé kú.

Ní ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lójú ara, ìtọ̀ sì ya wọ inú àpò tí wọ́n so mọ́ ọn. Ọlátúndé dijú. Omi ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí Dókítà Aneesah yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní òun fọwọ́ kan ibì kan tó le lára kókó náà, òun ò fẹ́ràn bó ṣe le.

"Ẹ ṣe ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe," ni Ọlátúndé wí fún un.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú lára kókó Gbádé lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú lára Ọlátúndé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi retí èsì. Gbádé ò lè jẹun. Ní ọ́fíìsì, ó máa ń ka ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì nígbà márùn-ún. Ọjọ́ tí èsì jáde, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, àpò ìtọ̀ Ọlátúndé wà lábẹ́ ṣòkòtò rẹ̀.

Tàbúrò ni dókítà kọ́kọ́ sọ. Kò sí jẹjẹrẹ. Kókó náà wú, kòkòrò àìsàn sì ti bá a fínra, oògùn á kápá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ojú ti Gbádé pé inú òun dùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ṣì ń retí tirẹ̀.

"Tiyín jẹ́ jẹjẹrẹ, sà," dókítà sọ fún Ọlátúndé. "Síkáànù, àwòrán inú ara tí a yà fún yín, fi hàn pé inú kókó náà ló ṣì wà. Kò tíì dé eegun. Ká ní ẹ tún fi ọdún kan mu àgbo yẹn ni, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Ọlátúndé mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní kó tún un sọ pé kò tíì dé eegun. Dókítà tún un sọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Kò rọrùn. Fún oṣù mélòó kan, ìtọ̀ ń jò sí i lára, inú ń bí i, ó ń jágbe mọ́ Ethel, ó sì tún ń tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yá. Ó jáwọ́ nínú sìgá tó ti ń mu tipẹ́, òun àti Gbádé sì ń rìn yíká àdúgbò Súrùlérè ní àràárọ̀ Sátidé, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣàròyé pé Gbádé ń yára jù.

Nígbà tó lè jókòó pẹ́, ó pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, Victor àti Bright, pa pọ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin Gbádé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá ní Òtò. Ó sọ fún wọn ohun tó pa bàbá àgbà wọn, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má pé ogójì ọdún láìlọ fún àyẹ̀wò. Victor béèrè bóyá ó dun bàbá àgbà. Ọlátúndé ní ó dùn wọ́n gan-an.

Àwọn ọmọ jáde. Màmá wá kọjú sí Gbádé.

"Mo ti búra fún bàbá ẹ," ó ní. "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

Gbádé fẹ́ sọ pé rárá. "Ìbínú náà ti ń lọ, Màmá," ó ní, ó sì sún àga rẹ̀ mọ́ tìyá rẹ̀.